Orí Ta Ló Wà ní Mògún? Ìfiwéra Ìwé àti Fíìmù Adẹ́rùbani Mẹ́jọ tó Gbé Ètùtù Ka Orí Ìtàn Ìwáṣẹ̀

Ẹni tó bá ń wá ìtàn adẹ́rùbani tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti ìdí ojúbọ ṣàn wá yóò rí púpọ̀ yàn nínú rẹ̀ lóde òní. Ìwé ń bẹ, fíìmù ń bẹ, ti òyìnbó ń bẹ, ti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ń bẹ, ti Nàìjíríà náà sì ń bẹ. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Òmíràn mọ ìtàn ìwáṣẹ̀ tó ń lò bí ọmọ ṣe mọ oríkì ilé baba rẹ̀. Òmíràn kàn to ère àti ọ̀bẹ sínú òkùnkùn kí àyà òǹwòran lè já ni. Mẹ́jọ ni mo yàn jọ síbí, n ó sì wọ̀n wọ́n, kí ẹni tí kò ní owó tàbí àkókò tó lè fi ṣòfò lè mọ èyí tó bá òun mu.

Òṣùwọ̀n tí mo lò

Àwọn àgbà ní orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Mògún ni ojúbọ Ògún tí wọ́n ti ń bẹ́ orí ọ̀daràn láyé ọjọ́un. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò bú Ògún, kò sì ní kí wọ́n wó ojúbọ rẹ̀. Ó kàn dúró níbẹ̀, ó ka orí tó wà nílẹ̀, ó sì rí i pé ti àwọn tí kò ṣẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tó ṣẹ̀ lọ. N kò tíì rí òṣùwọ̀n tó dára ju èyí lọ fún ìtàn adẹ́rùbani tó ń sọ̀rọ̀ ètùtù. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bi ìtàn kọ̀ọ̀kan ni pé: ta ni ẹlẹ́bọ, ta ni wọ́n fi ṣe ẹran ẹbọ, kí ni wọ́n ní ẹbọ náà yóò mú wá, ọwọ́ ta sì ni èrè rẹ̀ bọ́ sí? Ìtàn tí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tó, ariwo lásán ló ń pa.

Ohun kejì ni ẹni tó ni ìtàn ìwáṣẹ̀ náà. Kò burú kí òǹkọ̀wé yá ìtàn ẹlòmíràn lò, bí ó bá ti lè dá a padà láìfọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa gbọ̀ngbọ̀n ni ti ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Cuba, èyí tí wọ́n ń pè ní Lukumí tàbí Santería. Lọ́dún 1982, Nicholas Conde kọ ìwé kan tó pe àkọlé rẹ̀ ní The Religion. Nígbà tó di 1987, John Schlesinger fi í ṣe fíìmù The Believers. Nínú fíìmù náà, àwọn ọlọ́lá kan ní New York ń fi ọmọdé rúbọ, wọ́n sì fi aṣọ ẹ̀sìn òrìṣà bo ìwà náà lórí. Lóòótọ́, fíìmù náà ya àwọn olùsìn rere sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹni ibi, ṣùgbọ́n òkú ọmọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni òǹwòran gbé lọ sílé. Lọ́dún 1987 yẹn kan náà ni ìlú Hialeah ní Florida ṣe òfin láti fi dí ìjọ Lukumí Babalú Ayé lọ́wọ́ kí wọ́n má lè fi ẹran rúbọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì fẹnu kò ní oṣù Kẹfà ọdún 1993 pé òfin ìlú náà tẹ ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn lójú. N kò sọ pé fíìmù ló bí òfin. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹran ọ̀sìn ni àwọn ọmọ Ọbalúayé ń fi rúbọ, ọmọ ènìyàn ni sinimá sì fi sí wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ka ìwé àti fíìmù yìí mọ́ mẹ́jọ tí mo yàn.

Ohun kẹta ni ohun tí yóò ná yín: owó, àkókò, àti àyà. Ìtàn mìíràn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Òmíràn jẹ́ ìwé gbàǹgbà tí owó tí wọ́n fi ń kó o wọ̀lú kì í ṣe kékeré fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́. Òmíràn kì í fi ẹ̀jẹ̀ hàn rárá, síbẹ̀ ẹ kò ní rí oorun sùn. Òmíràn ń da ẹ̀jẹ̀ bí òjò. N ó sọ ìparí àwọn àtijọ́ inú wọn, nítorí pé ìtàn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í ṣe àṣírí mọ́, ṣùgbọ́n n kò ní tú ti àwọn ìwé tuntun.

Ètùtù tí kò ní òrìṣà: The Lottery

Èyí ló kúrú jù, òun náà ló sì le jù. Shirley Jackson tẹ ìtàn yìí jáde nínú ìwé ìròyìn The New Yorker ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1948. Abúlé kan ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ará ibẹ̀ tó nǹkan bí 300, péjọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà láti ṣẹ́ kèké. Olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ègé ìwé kan nínú àpótí dúdú. Ìdílé tí àmì dúdú bá já mọ́ lọ́wọ́ yóò tún mú láàárín ara wọn. Ẹni tí àmì náà bá wá bá, gbogbo abúlé ni yóò sọ ọ́ lókò pa, kí oníkálùkù tó lọ jẹun ọ̀sán. Lọ́dún tí ìtàn náà ń sọ, Tessie Hutchinson ló bá, ìyá ọlọ́mọ tó tilẹ̀ gbàgbé ọjọ́ tó fi pẹ́ dé ibẹ̀. Ẹnì kan fún ọmọ rẹ̀ kékeré ní òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ kí òun náà lè bá wọn sọ.

Ohun tó ya ìtàn yìí sọ́tọ̀ ni pé ìtàn ìwáṣẹ̀ ti kú nínú rẹ̀, ètùtù nìkan ló ṣẹ́ kù. Wọn kò dárúkọ òrìṣà kankan. Àwọn ará abúlé ti gbàgbé ohun tí wọ́n máa ń kà níbẹ̀, wọ́n ti gbàgbé bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn níbi ètùtù náà, àpótí àkọ́kọ́ pàápàá ti sọnù; òkò nìkan ni wọn kò gbàgbé. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ló ṣì rántí pé ọ̀rọ̀ náà kan àgbàdo, pé bí wọ́n bá ti ṣẹ́ kèké lóṣù Kẹfà, ìkórè yóò dára.

Ẹ fi èyí wé ìtàn Mọremí. Mọremí mọ ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún, Ẹsinmìrìn ni. Ó mọ ohun tó tọrọ, ìgbàlà Ilé-Ifẹ̀ ni. Ó sì mọ ohun tó san, Olúorogbo ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹlẹ́bọ ló ni ẹran ẹbọ, ó sì sunkún rẹ̀ títí. Lọ́dọ̀ Jackson, ẹlẹ́bọ kò mọ ẹni tó ń bọ, kò sì sí ẹni tó sunkún. Ohun tó dẹ́rù bà mí nínú ìtàn náà nìyẹn, kì í ṣe òkò.

Jackson sọ lẹ́yìn náà pé lẹ́tà tó lé ní 300 ni òun gbà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn. Èyí tó ya òun lẹ́nu jù nínú wọn ni ti àwọn tó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké náà kí wọ́n lè lọ wòran. Ìjọba South Africa ìgbà náà fòfin de ìtàn náà. Ọkọ Jackson kọ ọ́ pé inú ìyàwó òun dùn sí i, nítorí ó gbà pé àwọn yẹn, ó kéré tán, lóye ohun tí òun sọ. Kò gba ju ìdajì wákàtí lọ láti kà á, ó sì wà lórí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì The New Yorker.

Ètùtù tí onílẹ̀ hùmọ̀: The Wicker Man

Robin Hardy ló darí fíìmù yìí, Anthony Shaffer ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọdún 1973 ló jáde. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má bàa mú èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2006, èyí tí Nicolas Cage wà nínú rẹ̀. Orúkọ nìkan ló jọ ọ́.

Ọlọ́pàá kan tó jẹ́ onígbàgbọ́ líle, Howie, wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí erékùṣù Summerisle ní Scotland láti wá ọmọbìnrin kan tí wọ́n ní ó sọnù. Ó bá àwọn ènìyàn tí wọ́n padà sínú ẹ̀sìn àwọn baba ńlá wọn, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí ara sì tù wọ́n ju òun lọ. Igi èso wọn kò so ní ọdún tó kọjá. Àwa òǹwòran ti mọ̀ tipẹ́ kí Howie tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń dúró dè, pé inú ère ńlá tí wọ́n fi ẹ̀ka igi hun ni wọn yóò ti sun ún láàyè. Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, ló kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa ogun Gaul, ilẹ̀ tó di Faransé lónìí, pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi irú ère bẹ́ẹ̀ sun ènìyàn, ṣùgbọ́n Caesar ni ẹni tó lọ kó ilẹ̀ wọn. Ẹ rántí pé ẹni tó ń kó ilẹ̀ ẹlòmíràn kì í sábà sọ̀rọ̀ òrìṣà onítọ̀hún dáadáa.

Ohun tó mú kí n gbé fíìmù yìí ga ni gbólóhùn kan tó yára kọjá létí òǹwòran. Lord Summerisle, tí Christopher Lee ṣe, sọ fún Howie pé baba baba òun ló ra erékùṣù náà lọ́dún 1868, pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, pé irú èso tuntun ló fẹ́ gbìn, àti pé ó dá ẹ̀sìn àtijọ́ padà fún àwọn tálákà ibẹ̀ kí wọ́n lè jí gìrì síṣẹ́. Ìyẹn ni pé onílẹ̀ ló hùmọ̀ ìtàn ìwáṣẹ̀ náà kí òṣìṣẹ́ lè ṣiṣẹ́ fún un. Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ rí ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: àwọn ará ìlú ni ẹlẹ́bọ, àlejò ni ẹran ẹbọ, èso ni wọ́n ń retí, ọwọ́ Lord Summerisle sì ni èrè bọ́ sí. Howie náà rí i kí iná tó mú un, nítorí ó kígbe sí wọn pé bí èso kò bá tún so lọ́dún tó ń bọ̀, Lord Summerisle fúnra rẹ̀ ló kàn. Ojú ọkùnrin náà yí padà díẹ̀. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú àáyá yẹn ju gbogbo iná tó kù lọ.

Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ nínú fíìmù yìí, ṣùgbọ́n ìhòòhò wà níbẹ̀ dáadáa, nítorí náà kì í ṣe ti gbogbo ará ilé. Ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kò sì sí èyí tó tó wákàtí méjì.

Ẹni tó bẹ̀rù wa, àti ẹni tó fèsì: Lovecraft àti LaValle

Ẹ kò ní lè ka ìtàn adẹ́rùbani òyìnbó jìnnà kí ẹ tó bá H. P. Lovecraft, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, pàdé. The Call of Cthulhu jáde nínú ìwé ìròyìn Weird Tales ní oṣù Kejì ọdún 1928. Ìtàn ìwáṣẹ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Lovecraft ló hun ún láti inú orí ara rẹ̀: ẹ̀dá ńlá kan ti ojú ọ̀run wá, ó sùn sínú ìlú tó rì sábẹ́ òkun, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ káàkiri ayé sì ń dúró de ìjọ́ tí yóò jí. Iṣẹ́ ọnà ńlá ni ìhunṣọ yìí, n kò ní parọ́. Bí ó ṣe ń fi ìwé ìròyìn, àlá àti ìwé ìrìnàjò so òkodoro ìtàn náà pọ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣì ń kọ́ àwọn òǹkọ̀wé lẹ́kọ̀ọ́ dòní.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ fi ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ hàn, inú ẹrẹ̀ ẹ̀bá New Orleans ló mú wa lọ, ní ọdún 1907, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dàpọ̀ ti ń jó láàárín òkú. Ó pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní vodun tó ti bàjẹ́ ju vodun lọ. Vodun jẹ́ ẹ̀sìn àwọn aládùúgbò wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ó ní òfin, ó ní àlùfáà, ó ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ìyẹn nínú ìtàn yìí. Bí a bá bi Lovecraft pé ta ni ẹlẹ́bọ, ìdáhùn rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí àwọ̀ rẹ̀ bá dúdú. Kò náni lówó, nítorí ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ ti tán, a sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń náni ní sùúrù.

Ìdí tí n kò fi ní kí ẹ fò ó ni pé Victor LaValle fún un lésì lọ́dún 2016 nínú ìwé pẹlẹbẹ kan, The Ballad of Black Tom. LaValle jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ New York. Ìtàn Lovecraft mìíràn, The Horror at Red Hook, èyí tó kún fún ìkórìíra àwọn àjèjì, ni ó mú, tó yí inú rẹ̀ sóde. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Harlem, Charles Thomas Tester, ń fi gìtá tí kò mọ̀ ọ́n ta dáadáa wá owó oúnjẹ ní ọdún 1924. Títí tí a fi ka ìwé náà dé ìdajì, àwọn tó gbé ìbọn dání ló ń dẹ́rù bà wá, kì í ṣe ẹ̀dá abẹ́ òkun. Nígbà tí ilé òkùnkùn wá ṣí, ó yé wa ìdí tí ọkùnrin tí ayé kò kà sí ènìyàn fi lè pe ohun tí kò bìkítà fún ènìyàn kankan. Ìwé náà gba ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ Shirley Jackson pè. Alẹ́ kan tó fún kíkà rẹ̀. Bí owó ẹ bá tó ìwé kan ṣoṣo nínú méjì yìí, ti LaValle ni kí ẹ rà, nítorí ti ìkejì kò gba owó.

Gbèsè ọdẹ: The Only Good Indians

Stephen Graham Jones jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Blackfeet, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 2020 ni ìwé yìí jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Bram Stoker tí wọ́n ń fún ìwé adẹ́rùbani. Ọ̀dọ́kùnrin Blackfeet mẹ́rin lọ ṣọdẹ lápá ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà nìkan lórí ilẹ̀ wọn. Wọ́n bá agbo elk, ìyẹn ẹran tó dàbí àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Abo kan wà láàárín wọn tó lóyún, tí kò tètè kú. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, Lewis, búra pé kò ní sí ẹ̀yà ara rẹ̀ kankan tí yóò ṣòfò. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nǹkan kan tó ní orí elk àti ara obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

N kò rò pé òǹkàwé kan wà tí ìwé yìí lè tètè yé tó ọmọ Yorùbá tó gbọ́ ìjálá dàgbà. A mọ̀ pé igbó ní èèwọ̀, pé ẹran mìíràn kì í ṣe ẹran. A mọ ìtàn ọdẹ tó gbé awọ obìnrin ẹfọ̀n pamọ́, tó fi í ṣe aya, títí ọjọ́ tí orogún fi fi orin bú u pé kó máa jẹ, kó máa mu, awọ rẹ̀ ń bẹ nínú àká. Ẹni tó bá mọ bí ìtàn yẹn ṣe parí fún ará ilé ọdẹ náà ti mọ irú ìbínú tó wà nínú ìwé Jones. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Jones kò jẹ́ kí a sinmi lórí ẹ̀bi àwọn ọdẹ náà nìkan. Wọ́n ṣẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyà tó ń jẹ wọ́n kò dúró lọ́rùn wọn. Ìyàwó, ajá, ọmọ, gbogbo wọn ló ń fara gbá. Ìwé náà wá béèrè ohun tí Mògún kò béèrè: bí orí tó ṣẹ̀ bá ti bọ́, ta ni yóò sọ fún ọ̀bẹ pé ó tó?

Ìwé yìí gba àyà. Apá kan wà níbi tí ọkùnrin kan ti ń yẹ ilé ara rẹ̀ wò láti mọ ẹni tí kì í ṣe ènìyàn láàárín àwọn tó fẹ́ràn, ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde pọ̀ lójú. Ẹni tó bá ní ajá nílé kí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ní rọrùn fún òun. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá sinú apẹ̀rẹ̀ náà pọ̀ nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fò ó, ó sì dára tí n kò fò ó, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti so kọ́ra.

Àwọn olówó tí kò fẹ́ kú: Our Share of Night

Mariana Enriquez láti Argentina kọ ìwé yìí ní èdè Spéènì lọ́dún 2019, ó sì gba ẹ̀bùn Herralde lọ́dún náà. Megan McDowell ló túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1981, nígbà tí àwọn ológun tó gba ìjọba ní 1976 ṣì ń ṣàkóso. Ọkùnrin kan tó ń ṣàìsàn ọkàn, Juan, ń wa mọ́tò gba àríwá lọ pẹ̀lú Gaspar, ọmọ rẹ̀. Juan ni ẹni tí Òkùnkùn máa ń gba ara rẹ̀ jáde fún ẹgbẹ́ awo àwọn olówó kan, àwọn ìdílé tó ní oko yerba mate, ewé tí wọ́n ń rẹ mu bíi tíì, tó lọ rẹrẹẹrẹ. Ohun tí wọ́n ń wá ni àìkú: kí ẹ̀mí wọn lè kúrò nínú ara tó ti gbó bọ́ sínú ara tuntun. Òkùnkùn náà ń jẹ ènìyàn, ẹ sì mọ̀ pé ní orílẹ̀-èdè tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń jí ènìyàn gbé, tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ka àwọn tó pòórá tó 30,000, kò ṣòro fún olówó láti rí ẹni tí yóò jù sí i lẹ́nu.

Nínú gbogbo mẹ́jọ, èyí ló dáhùn ìbéèrè Mògún jinlẹ̀ jù. Ẹlẹ́bọ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹran ẹbọ ni ẹnikẹ́ni tí kò ní ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Enriquez sì tún mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀sìn àwọn tálákà àti ẹgbẹ́ awo àwọn olówó: San La Muerte, ẹni mímọ́ olégungun tí àwọn mẹ̀kúnnù ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Argentina ń bọ, àti ìtàn àwọn Guaraní, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, wà nínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ènìyàn fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, nígbà tí àwọn tó kàwé ní London ni wọ́n ń fi ọmọdé sínú àhámọ́. Ohun tí fíìmù The Believers kò lè ṣe nìyẹn, tí Enriquez ṣe é láìwàásù.

Ṣùgbọ́n ó gùn. Ó ju ojú ìwé 500 lọ, àárín rẹ̀ sì falẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, pàápàá apá tó ń sọ nípa London ní àwọn ọdún 1960. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọdé nínú rẹ̀ burú débi pé mo pa ìwé náà dé lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Tiwa ńkọ́?

Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò lọ́dún 1992, Kenneth Nnebue ló gbé e jáde, Chris Obi Rapu ló darí rẹ̀. Andy fi Merit ìyàwó rẹ̀ rúbọ fún ẹgbẹ́ òkùnkùn kó lè di olówó, owó dé, òkú ìyàwó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Àìmọye fíìmù ògùn owó, ti Yorùbá pẹ̀lú, ló tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìtàn ìwáṣẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Kò sí òrìṣà tó bèèrè fún Merit. Owó ló bèèrè fún un. Níwọ̀n bí fíìmù náà ti fi ojú Merit hàn wá dáadáa kí wọ́n tó pa á, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀lé e kò ṣe. Lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀lé e, ìyàwó di ohun èlò lásán, igbá àti aṣọ pupa ni wọ́n ń yà ju ojú rẹ̀ lọ, babaláwo sì di ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa bèèrè orí ènìyàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB, kéde òfin tuntun láti dá gbígbé ògùn owó lárugẹ nínú fíìmù dúró. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ bí òfin ṣe lè kọ́ ènìyàn bí a ti ń sọ ìtàn.

Kunle Afolayan gba ọ̀nà mìíràn nínú The Figurine, tó jáde lọ́dún 2009. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì rí ère Àràrómirè nígbà tí wọ́n jẹ́ àgùnbánirọ̀; ìtàn ní ẹni tó bá mú un yóò rí ire ọdún méje, ibi ọdún méje yóò sì tẹ̀lé e. Ire dé, ibi náà dé, òkú sì sùn. Afolayan kò wá sọ fún wa bóyá òrìṣà ló ṣe é tàbí ìlara ọmọ ènìyàn. Ó fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún òǹwòran. Àwọn kan ní ó sá fún ìdáhùn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú fíìmù yìí, ẹni tó ń wá òrìṣà yóò rí òrìṣà, ẹni tó ń wá apààyàn yóò rí apààyàn, ó sì nira fún ọ láti fi ọwọ́ kan sọ èyí tó ń dẹ́rù bà ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ jókòó wò ó pẹ̀lú àwọn ẹbí tó ti dàgbà.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí kò ka irú ìtàn báyìí rí, tí kò sì fẹ́ náwó, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí The Lottery lálẹ́ òní. Olùkọ́ tó ń wá ohun tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà níléèwé girama lè mú un pẹ̀lú. Kí ó fi ìtàn Mọremí ṣe ìkejì rẹ̀, àwọn ọmọ náà yóò sì rí ohun púpọ̀ jiyàn lé lórí. Ẹni tó bá fẹ́ràn kó wo fíìmù ju kó kàwé, kó kọ́kọ́ wo The Wicker Man, kó wá wo The Figurine ní ọ̀sẹ̀ kejì, nítorí ohun tí ti àkọ́kọ́ fi dá wa lójú ni ti ìkejì kò jẹ́ kó dá wa lójú mọ́. Living in Bondage wà fún ẹni tó fẹ́ mọ orísun fíìmù ògùn owó.

Ẹni tó ń kọ ìtàn fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ má ka Lovecraft àti LaValle tẹ̀léra, ti Lovecraft ṣáájú. Ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston, tó ti rẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sìn baba rẹ̀ dẹ́rù ba àwọn ènìyàn nínú sinimá, Our Share of Night ni mo fẹ́ kó mú, bí àyà rẹ̀ bá gbà á, bí kò bá sì ní ọmọ kékeré nínú ilé lásìkò yìí. Àwọn tó ní ọmọ kékeré kí wọ́n dúró ná.

Bí ẹ bá sì ní kí n yan ẹyọ kan péré fún ọmọ ilé ọdẹ, The Only Good Indians ni. Kó kà á ní ọ̀sán.